Ife tánganran alàwòrán ẹyẹ Jàpáànù: bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò, bí a ṣe ń tẹ̀ ẹ́, bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀

Àbẹ̀kẹ́ Onítíì
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ ife tánganran tí wọ́n ya ẹyẹ Jàpáànù sí lára ni mo bá wá. Báwo lèèyàn ṣe ń dá èyí tí wọ́n fọwọ́ kùn mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀? Ṣé ẹyẹ èyíkéyìí ló lè bá òdòdó èyíkéyìí rìn, àbí ó ní ìlànà? Ṣé ọ̀dà ara rẹ̀ kò léwu fún ẹni tó ń mu tíì gbígbóná? Èyí tó kẹ́yìn: oníbàárà kan fẹ́ ọgọ́rùn-ún ife fún ẹ̀bùn òde ìgbéyàwó, ẹyẹ Jàpáànù ló sì fẹ́ ká tẹ̀ sí i. Kí ni kí n yẹra fún? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ìwọ̀n fún mi, ẹ má sọ pé "ó dára" lásán.

Ọmọ Amọ̀kòkò
Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ẹ kú ìbéèrè. Ẹ kọ́kọ́ wádìí ibi tí àwòrán wà lára ife kí ẹ tó wo bó ṣe rẹwà tó. Ibẹ̀ ni ìdáhùn gbogbo ìbéèrè yín ti ń wá.

Ó lè wà lábẹ́ awọ dídán, ìyẹn ohun bíi gíláàsì tó bo ara ife. Wọ́n á sun ife ní nǹkan bíi 900°C lẹ́ẹ̀kíní, wọ́n á fi ọ̀dà cobalt ya ẹyẹ sí i, wọ́n á rì í bọ inú omi tó máa di awọ dídán, wọ́n á sì wá sun ún dé nǹkan bíi 1,300°C. Búlúù ni èyí máa ń jẹ́, sometsuke ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. Arita, ní erékùṣù Kyushu, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tánganran ní Jàpáànù, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1600, nígbà tí wọ́n rí òkúta tó yẹ fún un ní Izumiyama. Àwòrán irú èyí kì í ṣí. Gíláàsì ló bò ó. Ẹ fi èékánná họ ọ́ dòla, ọwọ́ yín kò ní kàn án.

Ó lè wà lórí awọ dídán. Ife á ti jiná tán kí wọ́n tó kùn ún, wọ́n á wá dá a padà sínú ìléru ní nǹkan bíi 800°C kí ọ̀dà lè yọ́ mọ́ ọn lára. Pupa, àwọ̀ ewé, ìyeyè àti elésè-àlùkò, ọ̀nà yìí ni wọ́n sábà máa ń gbà jáde. Iṣẹ́ Kakiemon ti Arita àti ti Kutani ní ẹkùn Ishikawa wà nínú ẹ̀yà yìí. Wúrà ló ń kẹ́yìn, iná tirẹ̀ tún kéré sí i, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé òun ló ń kọ́kọ́ pa rẹ́.

Ẹ̀kẹta ni àlẹ̀mọ́. Orí awọ dídán náà ló wà, iná kan náà ló sì ń gbà, àmọ́ ẹ̀rọ ló fi ọ̀dà ìléru tẹ àwòrán sórí bébà. Wọ́n á rẹ bébà náà sómi, wọ́n á fà á sí ara ife, wọ́n á sun ún. Ọ̀pọ̀ ife tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù mùsíọ́mù nìyí, kò sì burú rárá.

Ẹ̀kẹrin ni sublimation. Èyí kò kan gíláàsì rárá. Ike polyester tín-ínrín ni wọ́n ti fi bo ife, inú ike yẹn ni àwọ̀ wọ̀ ní nǹkan bíi 200°C. Ẹ fi 200 wé 800 àti 1,300, ẹ ó ti mọ èyí tó máa pẹ́.

Àwòfín
Mo fara mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ gbé ife lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ máa sá kọjá lórí àwòrán. Bó bá jẹ́ Kutani tí wọ́n fọwọ́ kùn, ẹ máa rí i pé àwọ̀ ewé àti ìyeyè wú sókè lára ife, wọ́n mọ́ gaara, ìlà dúdú tí wọ́n fi ya ìyẹ́ sì ń hàn láti abẹ́ wọn. Ìlà ni wọ́n ń kọ́kọ́ fà, wọ́n á wá bu ọ̀dà tó nípọn lé e. Pupa nìkan ni kì í wú. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n máa ń fà á, kì í sì í jẹ́ kí ohun tó wà lábẹ́ hàn. Ife tí pupa àti ewé rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ ní ìwọ̀n kan náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi kámẹ́rà fóònù sún mọ́ ojú ẹyẹ náà, tàbí kí ẹ lo awò tó ń fi nǹkan hàn ní ìlọ́po 10. Bí ẹ bá rí tótòtó pupa, búlúù àti ìyeyè tó tò jọ, ẹ̀rọ ni. Àmọ́ àìsí tótòtó kò dá ẹ̀rọ láre, torí àlẹ̀mọ́ tó dára máa ń lo àwọ̀ gidi tí kò ní tótòtó. Ẹ wá gbé ife méjì inú ẹ̀yà kan náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: ọwọ́ èèyàn kò lè ya ìyẹ́ mẹ́tàdínlógún ní ibi kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ sì wo ìparí ìlà. Búrọ́ọ̀ṣì máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀dà tó kún, a sì máa tín-ín-rín lọ níparí. Ìlà ẹ̀rọ kàn ń gé ni.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi orúkọ ìdí ife ṣe gbájúẹ̀ fún yín. 九谷, ìyẹn Kutani, ń sọ ibi tí wọ́n ti ṣe é, kò sọ pé ọwọ́ ló kùn ún. Àìmọye ife alálẹ̀mọ́ ló ní i. Ti ọjọ́ orí, òfin Amẹ́ríkà ló mú kí wọ́n máa kọ orúkọ orílẹ̀-èdè sára ọjà láti 1891. "Nippon" ni wọ́n ń kọ títí di 1921, lẹ́yìn ìyẹn ni "Japan." "Occupied Japan" wà fún ìgbà tí àwọn ológun Amẹ́ríkà ṣàkóso lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ìyẹn sì parí ní 1952. Ife tí wọ́n kọ "Nippon" sí ìdí rẹ̀, tí wọ́n tún wá tẹ àmì máíkírówéèfù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Olólùfẹ́ Ẹyẹ
Ìbéèrè kejì, tèmi nìyẹn. Ìlànà wà, ó sì le díẹ̀. Kachō-ga ni wọ́n ń pe irú àwòrán yìí, ẹyẹ pẹ̀lú òdòdó. Ẹyẹ àti igi tó bà lé ló jọ ń sọ àsìkò ọdún, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á kà á bí a ṣe ń ka kàlẹ́ńdà.

Uguisu, ẹyẹ kékeré olóhùn dídùn, òdòdó plum ló ń bá rìn: òtútù ń kásẹ̀ nílẹ̀ nìyẹn. Alápàńdẹ̀dẹ̀ ń bá igi willow rìn, ní ìgbà tí ewé ń yọ. Hototogisu, ẹ̀yà cuckoo kékeré kan, máa ń fò kọjá òṣùpá tàbí láàárín òjò, ìgbà ooru ni tirẹ̀. Nígbà tí ewé ń wọ́, pẹ́pẹ́yẹ igbó ń tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ lójú òṣùpá, koríko etí odò á wà nísàlẹ̀. Ìgbà yẹn kan náà ni uzura, àparò kékeré, wà láàárín jéró. Uzura yìí ni àwọn oníṣẹ́ Kakiemon yà tó fi di ohun tí wọ́n ń wò yà ní Meissen ní Jámánì àti Chelsea ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù láàárín àwọn ọdún 1700, lẹ́yìn tí àwọn oníṣòwò Netherlands ti kó tánganran Arita dé Yúróòpù. Ológoṣẹ́ àti ọparun kò ní àsìkò kan pàtó, àmọ́ wọ́n fẹ́ràn láti da yìnyín lé ọparun náà lórí. Àṣá lórí igi pine, ti àwọn jagunjagun ni. Chidori, ẹyẹ etí òkun kékeré, orí ìgbì ló ń fò.

Fún ìgbéyàwó, méjì ló yẹ: tsuru, ẹyẹ ọlọ́rùn gígùn funfun tí àtàrí rẹ̀ pupa, tó dúró fún ẹ̀mí gígùn; àti oshidori, pẹ́pẹ́yẹ méjì, akọ àti abo, tó dúró fún tọkọtaya. Níbi oshidori ni àwọn tó ń ta àwòrán lórí íntánẹ́ẹ̀tì ti ń ṣìṣe jù. Akọ nìkan ló ní àwọ̀ rẹpẹtẹ, pẹ̀lú ìyẹ́ olómi ọsàn tó nà sókè lẹ́yìn rẹ̀. Abo jẹ́ eérú, ó ní ìlà funfun lẹ́yìn ojú. Bí ẹ bá rí méjì aláwọ̀ rẹpẹtẹ, akọ méjì lẹ fẹ́ gbé fún ìyàwó àti ọkọ yẹn.

Kannakánná lábẹ́ òṣùpá, bí Ohara Koson, ayàwòrán Jàpáànù, ṣe yà á, dùn ún wò gan-an. Àmọ́ kí ẹ tó gbé e lọ sí òde ìgbéyàwó, ẹ rántí àwọn àlejò yín.

Àbẹ̀kẹ́ Onítíì
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Àwòrán méjì wà nílẹ̀ báyìí. Ọ̀kan jẹ́ ẹyẹ aláwọ̀ ewé tó ní òrùka funfun yí ojú ká lórí òdòdó plum, wọ́n kọ "uguisu" sábẹ́ rẹ̀. Ìkejì jẹ́ tsuru tó ń fò, ìrù rẹ̀ dúdú. Ṣé wọ́n tọ̀nà?

Olólùfẹ́ Ẹyẹ
Àkọ́kọ́ kì í ṣe uguisu. Mejiro ni. Òrùka funfun ojú yẹn ló tú àṣírí rẹ̀. Uguisu gangan ní àwọ̀ eérú tó fẹ́ fi àwọ̀ ewé díẹ̀ ṣe, kò hàn síta. Mejiro máa ń wá mu omi dídùn inú òdòdó plum lóòótọ́, nítorí náà àwòrán náà kò burú. Orúkọ ni kí ẹ yí padà.

Ti ìkejì, ìrù tsuru funfun ni. Dúdú wà ní etí ẹ̀yìn apá. Bó bá dúró, tó pa apá mọ́, dúdú yẹn á bo ìrù, ó sì máa dà bíi pé ìrù ló dúdú. Bó bá ń fò, apá ṣí sílẹ̀, ìrù gbọ́dọ̀ funfun. Àwòrán tí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ dá máa ń kùnà níbí. Ẹ sì ka ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú.

Ohun kan wà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ fi dá ayédèrú mọ̀: tsuru tó bà lé igi pine. Tsuru kì í bà lórí igi, ìka ẹ̀yìn rẹ̀ kéré jù láti fi di ẹ̀ka mú, àmọ́ àwọn ayàwòrán àtijọ́ tó lórúkọ yà á bẹ́ẹ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, torí pine náà dúró fún ẹ̀mí gígùn.

Ìtẹ̀wé Ṣómólú
Ó kàn mí báyìí. Fún ọgọ́rùn-ún ife òde, sublimation ni kí ẹ ṣe. Owó àlẹ̀mọ́ tí wọ́n ń sun ní ìléru kò ní bá àpò oníbàárà yín mu.

Ife tó wọ́pọ̀ jù ni ti 11 oz, ìyẹn nǹkan bíi 325 ml. Gíga rẹ̀ tó 9.5 cm, ìbú ẹnu rẹ̀ tó 8.2 cm. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ti fi polyester bò. Ife funfun ọjà lásán kò ní gbà á. Àwọ̀ á ṣí lọ́jọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ fọ̀ ọ́. Àyè títẹ̀ tí kò ní wàhálà jẹ́ 20 cm ní ìbú, 9 cm ní gíga. Ní 300 dpi (tótòtó 300 nínú ínǹṣì kan), píksẹ́lì 2,362 × 1,063 nìyẹn. Fọ́tò tó gba orí WhatsApp wá kì í tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi í ránṣẹ́ bíi document.

Ẹ yí àwòrán sódì kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, kí ó lè padà bọ̀ sípò lára ife. Pẹ̀lú àwòrán Jàpáànù, ẹni tó bá gbàgbé kì í tètè mọ̀, torí ẹyẹ á ṣì jẹ́ ẹyẹ. Orúkọ ayàwòrán àti èdìdì pupa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló máa yí padà, àfi ẹni tó bá lè kà á ló máa rí i. Ẹ fi ojú ṣọ́ èdìdì yẹn.

Ẹ fi spirit àti aṣọ tí kì í já fọ́nrán nu ife. Ẹ fa bébà mọ́ ọn típẹ́típẹ́, ẹ fi téèpù tó lè gba iná dè é lórí àti nísàlẹ̀. Ẹ̀rọ wà láàárín 180°C sí 200°C, ìṣẹ́jú mẹ́ta, ìfúnmọ́ àárín méjì. Ẹ yọ bébà nígbà tó ṣì gbóná, ní ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ má ju ife sómi tútù. Ó lè sán.

Ohun tó ń bàjẹ́ àti ìdí rẹ̀: bí àwọ̀ bá ṣá kárí, iná tàbí ìfúnmọ́ kò tó. Bó bá ṣá ní ẹ̀gbẹ́ ìdìmú àti létí òkè nìkan, aṣọ ìgbóná ẹ̀rọ kò dé ibẹ̀, nítorí náà ẹ má gbé orí ẹyẹ síbẹ̀. Bí ẹyẹ bá ní òjìji, bébà ti yẹ̀. Bí dúdú bá di búráùn, tí funfun ife sì fẹ́ máa di ìyeyè, iná ti pọ̀ jù. Bí tótòtó bá fọ́n káàkiri, eruku ni, tàbí kí bébà ti fa omi. Lásìkò òjò, inú náílọ́nù ni kí bébà máa gbé. Ẹ̀rọ kan kì í ju nǹkan bíi 300 sí 400 wáàtì lọ, jẹnẹrétọ̀ kékeré á gbé e. Bí iná bá lọ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta yẹn, ife yẹn ti lọ. Àwọ̀ tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé kì í dúró de yín.

Àwòfín
Bàbá Ìtẹ̀wé, ẹ kò tíì sọ ti funfun.

Ìtẹ̀wé Ṣómólú
Ẹ káre láé, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Ẹ̀rọ sublimation kò ní ọ̀dà funfun. Funfun ife ni funfun ẹyẹ. Àwòrán àtijọ́ náà ṣe bẹ́ẹ̀: nínú iṣẹ́ Koson, ara lékeléke rẹ̀ jẹ́ bébà tí wọn kò kùn, tí wọ́n kàn fi pákó tí kò lọ́dà tẹ ojú ìyẹ́ jáde lára rẹ̀. Títẹ̀ yẹn kì í hàn nínú fọ́tò. Bí ẹ bá wá pa eérú tàbí dúdú ẹ̀yìn rẹ̀ rẹ́ kí ó lè "mọ́," lékeléke á pòórá, ẹnu àti ẹsẹ̀ ló máa kù lára ife. Ẹyẹ funfun, ẹ fi àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì kún àyè 20 × 9 náà látòkè délẹ̀.

Fún ẹyẹ aláwọ̀ dúdú tàbí pupa, òdì kejì ni. Bébà àtijọ́ ti pọ́n, búráùn díẹ̀ ni. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ láìkún àyè, àpótí búráùn onígun mẹ́rin á yọ lára ife funfun, ó sì ń mú iṣẹ́ rí pálapàla. Ẹ fọ ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ títí yóò fi di funfun pátápátá.

Ọ̀rọ̀ gígùn náà wà níbẹ̀. Àwòrán ẹyẹ Hiroshige, ayàwòrán Jàpáànù àtijọ́, púpọ̀ ga, wọn kò fẹ̀. Nǹkan bíi 38 cm sí 17 cm ni bébà wọn. Ẹ má nà án kó lè yí ife ká. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìdìmú méjèèjì, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ní gíga 8 cm, kí àárín ṣófo. Àyè òfìfo kì í ṣe àṣìṣe nínú àwòrán yìí. Ẹni tó bá fi òdòdó kún un nítorí pé "ó ṣófo jù" ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Kí ẹnu ẹyẹ má sì kọjú sí ìdìmú, á dà bíi pé ó fẹ́ fò jáde kúrò lára ife.

Amòfin Kékeré
Kí ẹnikẹ́ni tó tẹ̀ ẹ́ tà: ní Nàìjíríà àti ní Ìlú Ọba, ẹ̀tọ́ ayàwòrán ń wà títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Itō Jakuchū kú ní 1800, Hokusai ní 1849, Hiroshige ní 1858, Koson ní 1945. Gbogbo wọn ti kọjá. Ayàwòrán tó ṣì wà láyé tó ń ya tsuru ní irú ọ̀nà àtijọ́, iṣẹ́ tirẹ̀ kò ṣí sílẹ̀ o.

Ẹ gba fáìlì ńlá lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ojúlé Rijksmuseum ní Amsterdam (iṣẹ́ Koson pọ̀ níbẹ̀ gan-an), Metropolitan Museum ní New York, tàbí Art Institute of Chicago. Ẹ rí i pé wọ́n kọ "public domain" tàbí "CC0" (ìyẹn ni pé ó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn) sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ẹ mú, torí kì í ṣe gbogbo ohun tó wà lórí ojúlé wọn ló ṣí sílẹ̀.

Oníkẹ́míkà
Lórí ewu: òjé àti cadmium, irin olóró méjì, ni ọ̀rọ̀ wà. Wọ́n ti ń lo òjé nínú ọ̀dà orí awọ dídán láti ìgbà pípẹ́ kí ó lè tètè yọ́, cadmium sì ń mú pupa àti ìyeyè tó tàn jáde. Èyí tó wà lábẹ́ awọ dídán kò kan ẹnu yín. Èyí tó wà lóde ife, tí kò dé ibi tí ètè ń bà, ewu rẹ̀ kéré. Èyí tó wà nínú ife tàbí létí ẹnu rẹ̀ ló yẹ kó bà yín lẹ́rù, pàápàá lára ife àtijọ́. Ọsàn wẹ́wẹ́, zobo àti kọfí ní èròjà kíkan tó ń fa òjé jáde.

Àyẹ̀wò ilé-iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ni pé kí wọ́n da omi kíkan acetic acid ìdá 4 nínú 100 sínú ife fún wákàtí 24 nínú yàrá. Òjé tó bá jáde sínú omi náà kò gbọ́dọ̀ kọjá máíkírógíráàmù 0.5 nínú mílílítà kan. Nílé, ẹ lè da fínígà sí i mọ́jú. Bí àwọ̀ inú ife bá ṣá tàbí tó di ráúráú, ẹ máa fi ife náà gbé pẹ́ńsùrù. Bí kò bá yí padà, ìyẹn kò dá a láre, torí òjé lè jáde láìsí àmì lójú. Ife "Nippon" tó ní ọ̀dà nínú, orí ṣẹ́ẹ̀fù ni kó máa wà.

Búrọ́ọ̀ṣì Tín-ín-rín
Ẹni tó fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ ya díẹ̀ láìní ìléru, ọ̀dà tánganran tí wọ́n ń sun nínú ófùn ilé wà. Pebeo Porcelaine 150 gba wákàtí 24 láti gbẹ, lẹ́yìn náà ìṣẹ́jú 35 ní 150°C. Ẹ gbé ife sínú ófùn nígbà tó ṣì tutù, kí òun àti ófùn jọ gbóná. Ìgbà tí ófùn bá ti dé 150 lẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú. Bó bá pé, ẹ pa á, ẹ fi ife sílẹ̀ níbẹ̀ títí yóò fi tutù. Ẹ fi 2.5 cm sílẹ̀ nísàlẹ̀ ẹnu ife láìkùn.

Fún ẹyẹ fúnra rẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu, lẹ́yìn náà ojú, kí ẹ tó bọ́ sí ẹ̀yìn. Bí ojú bá bọ́ sí ibi tí kò yẹ, ẹ lè nù ún kíá kí ẹ tó fi ọ̀dà ṣòfò lórí ìyẹ́. Ìyẹ́ apá kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan ni kí búrọ́ọ̀ṣì tẹ̀ ẹ́, kó gbéra. Ara ife kì í fa ọ̀dà bíi bébà, nítorí náà bí ẹ bá padà sórí ìlà tó ti ń gbẹ, ẹ máa gbé e ṣí ni.

Ọmọ Amọ̀kòkò
Ẹ jẹ́ kí n yà kúrò lójú ọ̀nà díẹ̀. Bernard Leach, tó kọ́ iṣẹ́ amọ̀ ní Jàpáànù, òun àti Hamada Shōji ló dá ẹbu sílẹ̀ ní St Ives, ní Ìlú Ọba, ní 1920. Ẹyẹ tó ń fò tí Leach máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì yà gbajúmọ̀. Michael Cardew tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ló wá dá ẹbu ìkọ́ṣẹ́ Abuja (ìlú tí à ń pè ní Suleja lónìí) sílẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1950, níbi tí Ladi Kwali ti ṣiṣẹ́. Ẹ yí owó ogún náírà sẹ́yìn, ẹ ó rí i níbẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò rẹ̀. Ó tán, ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ.

Ìyá Àwo
Fífọ̀: kànrìnkànrìn tó rọ̀, ọṣẹ olómi, omi lọ́wọ́ọ́wọ́. Ẹ̀rọ tó ń fọ abọ́ ń lo ọṣẹ tó le gan-an, ó ń jẹ ọ̀dà orí awọ dídán díẹ̀díẹ̀ títí tí kò fi ní dán mọ́. Ti abẹ́ awọ dídán, kò ní pa á lára. Sublimation kò fẹ́ irin ìfọkòkò àti oòrùn ojú fèrèsé. Wúrà tàbí fàdákà, bó ti wù kó kéré mọ, kò gbọ́dọ̀ wọ máíkírówéèfù: á ta pàràpàrà, wúrà á jó dúdú.

Àbàwọ́n tíì nínú ife, bẹkin-sódà tí ẹ po pẹ̀lú omi díẹ̀, ìka ọwọ́ ni kí ẹ fi pa á. Inú nìkan o. Lórí wúrà, ó ń họ ọ́.

Bí ife yín kì í bá ṣe tánganran funfun, tó jẹ́ amọ̀ tó nípọn, tó ń dún bòbò tí ẹ bá ta á níka, ó ń fa omi. Kí ẹ tó lò ó, ẹ sè é nínú omi tí ẹ fi ṣan ìrẹsì, iná kékeré, ìṣẹ́jú 20 sí 30, kí ó tutù nínú omi náà. Ìrẹsì á dí àwọn ihò tín-tìn-tín inú rẹ̀, tíì kò ní tètè wọ inú ìlà wẹ́wẹ́ awọ rẹ̀. Tánganran tó ń dún gbọnrangbọnran kò nílò rẹ̀.

Bí ìdí rẹ̀ bá ń họ tábìlì, ẹ fi sáńpépà olómi 400 pa òrùka ìdí náà. Ẹ jẹ́ kó máa rin nígbà tí ẹ ń pa á, kí eruku rẹ̀ má baà wọ imú.

Àbẹ̀kẹ́ Onítíì
Ọlọ́run á bù kún yín o. Tí ìdìmú bá kán ńkọ́? Mo rí àwọn tó ń fi wúrà lẹ̀ ẹ́. Ife mélòó ni kí n sì rà fún ọgọ́rùn-ún?

Ọmọ Amọ̀kòkò
Kintsugi nìyẹn. Urushi, oje igi, ni wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́, wúrà kàn bo ojú rẹ̀ ni. Urushi kì í gbẹ nínú afẹ́fẹ́ gbígbẹ. Ọ̀rinrin ló ń mú un le, láàárín 20 sí 30°C, ọ̀rinrin ìdá 70 sí 85 nínú 100. Ojú ọjọ́ Èkó bá a mu ju ti ọyẹ́ lọ. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́: ẹbí kan náà ni igi yẹn pẹ̀lú máńgòrò àti kajú, tútù rẹ̀ ń mú kí ara yún, kó sì wú, pàápàá ẹni tí èèpo máńgòrò ti ń yọ lẹ́nu. Èyí tí wọ́n ń tà olówó pọ́ọ́kú nínú páálí, gúlùù epoxy ló sábà máa ń jẹ́, ìyẹn wà fún wíwò. Ìdìmú tó ti kán, ohunkóhun tí ẹ bá fi lẹ̀ ẹ́, ẹ má tún fi gbé tíì gbígbóná.

Ìtẹ̀wé Ṣómólú
Ẹ ra 108, Àǹtí. Ẹ fi méjì dán iná wò, kí ẹ sì tẹ oshidori náà sára ọ̀kan, ẹ gbé e fún oníbàárà kó rí i lójú oòrùn kí ẹ tó tẹ ìyókù. Àwọ̀ ojú kọ̀ǹpútà máa ń tàn ju ti ara ife lọ, olómi ọsàn ìyẹ́ akọ yẹn ló sì ń fa àríyànjiyàn jù.